Ọ́ìlì Tí Mo Fi Di Ẹ́ńjìnnì Lẹ́nu

Kọ́-kọ́-kọ́. Kọ́-kọ́-kọ́. Bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró yẹn, ní ìsọ̀ mẹkáníìkì Ọ̀gá Jethro ní Ìṣẹ́yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, ó ń gbọ̀n. Ọ̀gá fi ẹnu sukudíráfà gígùn kan ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n fi ìdí rẹ̀ ti etí ara wọn, wọ́n sì di ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé sukudíráfà náà fún mi. "Mùsílíù, gbọ́ ọ." Mo gbọ́ ọ. "Kí ló ń sọ?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ó ń sọ pé òun ń kú lọ. Inú ló ti ń jẹ òun. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tí kò sọ, òun gan-an ló pa á."

Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé tí mo ti wà ní Peckham, mo sì ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ọ̀gá Jethro ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i níbí, mo gbọ́ ọ kedere, mi ò sì sọ. Ìmáàmù wa kò mọ̀. Ẹgbẹ́ wa, tó fi mí jẹ alága, kò mọ̀. Àìṣát ìyàwó mi, ìdajì ló mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Alhaji Elétí, ẹ̀yin tí ẹ ti tọwọ́ mi ra ọkọ̀, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ irú etí tí mo ní.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ná, torí òun ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tó takò mí. Ọ̀gá ní kí awakọ̀ náà dúró, kí àwọn tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ó ní òun kò lè dúró, ẹrù àlùbọ́sà òun á rà. Ó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn ní ìsàlẹ̀ ọjà, ìyẹn sì da ọ́ìlì kan sí i, ọ́ìlì tó nípọn tó ń fà bí oyin. Ìró náà dákẹ́. Ọkọ̀ gbéra lọ Ìbàdàn, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ tuntun. Ní orí òkè kan, ẹ́ńjìnnì fọ́, ọkọ̀ fẹ̀yìn rìn wálẹ̀ pẹ̀lú ẹrù àti èrò. Ìyá Ojúọlá, tí ilé wọn kọjú sí ìsọ̀ wa, wà lára èrò náà; ẹsẹ̀ kan ni wọ́n gbé bọ̀ láti ọsibítù. Ọ̀gá pe gbogbo àwa ọmọṣẹ́ jọ. Wọ́n ní, "Ọ́ìlì tó nípọn kì í wo ẹ́ńjìnnì sàn. Ẹnu rẹ̀ ló ń dì. Bí ẹni ń ké gbà mí, tí ẹ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣé ẹ ti gbà á nìyẹn?" Gbogbo wa ní, "Rárá, Ọ̀gá." Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì níbi tí mo ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe, mo gba ìsọ̀ kékeré kan lábẹ́ afárá rélùwéè nítòsí Rye Lane. Mo ń lọ ra ọkọ̀ ní gbàǹjo, mo ń tún wọn ṣe, mo ń tà wọ́n fún àwọn ará wa. Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ Àìṣát ni mo ń fi sí i. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé nítorí kí wàhálà má pọ̀ ni. Irọ́ ni. Òfin ìlú yìí mọ ìyàtọ̀ láàrin oníṣòwò ọkọ̀ àti ẹni tó kàn fẹ́ ta ọkọ̀ ara rẹ̀. Bí oníṣòwò bá tà á fún ọ tó bàjẹ́, òfin wà lẹ́yìn rẹ. Bí aládùúgbò rẹ bá ta tirẹ̀ fún ọ, ojú rẹ ló yẹ kó o là kó o tó sanwó. Mo fẹ́ jẹ oúnjẹ oníṣòwò, mo sì fẹ́ wọ ẹ̀wù aládùúgbò.

Èṣín, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀, Rahmah wá. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú ní gbogbo Sátidé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló ń ṣe, láti Walworth dé New Cross, bọ́ọ̀sì sì ti ń jẹ́ kó pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un níbi iṣẹ́. Ó ní, "Alhaji, mi ò mọ nǹkankan nípa ọkọ̀ o. Ẹ bá mi wo èyí tó máa gbé mi débi shift, tí kò ní dójú tì mí."

Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan wà níwájú ìsọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbé e dé láti gbàǹjo. Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ tanná sí i, mo gbọ́ ọ. Kọ́-kọ́-kọ́. Sukudíráfà gan-an kò pọn dandan, ṣùgbọ́n mo gbé e sétí, mo di ojú bí Ọ̀gá ti ń ṣe, mo sì mọ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tó nípọn, mo dà á sí i. Ìró náà dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fún lọ́yàn. Mo jókòó sórí táyà. Ẹ má sọ pé mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni ní Peckham lọ.

Rahmah fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lórí bí ẹni ń fọwọ́ pa ewúrẹ́ tuntun lórí. "Alhaji, ṣé ó dáa?" Mo ní, "Mo gbọ́ ọ fúnra mi." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Kì í ṣe irọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyẹn ló burú jù nínú rẹ̀.

Ó sanwó, ó wà á lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ tó rà á, ó pè mí. "Alhaji, ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu nínú àwẹ̀. Nǹkan kan ń kan ilẹ̀kùn níwájú ọkọ̀." Mo ní kó gbé e wá. Mo tún da ọ́ìlì sí i. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó tún gbé e wá. Mo tún dà á. Ó fi dàbínù àti ọbẹ̀ ẹja tó sè fún ìṣínu wa sórí tábìlì mi, ó ní kí n bá òun kí Mummy, ìyàwó mi.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, obìnrin kan wọ ìsọ̀ mi. Ó ga, ó dúdú, ó wọ aṣọ iṣẹ́ irú ti Rahmah. "Ẹ kú iṣẹ́, Dádì. Rosaline lorúkọ mi, èmi àti Rahmah la jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló gbé mi wá."

Mo ní, "Mo ti tún un ṣe."

"Ẹ ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, Dádì. Àwa tí a ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń bẹ Ọlọ́run fún ìyanu, àwa gan-an kì í bẹ̀ ẹ́ fún ìyanu kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Òfin fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọkọ̀ tó lábùkù padà. Ó ku mẹ́jọ. Mo ní kó kọ létà, ó ní òun kò lè kọ létà sí Alhaji, ó ní bàbá òun lẹ jẹ́. Ni mo bá ní kí n wá bẹ bàbá rẹ̀."

Mo ní, "Ọmọ mi, òfin yẹn, ti àwọn oníṣòwò ni. Ọkọ̀ ìyàwó mi ni mo tà fún un."

Rosaline yí ojú padà, ó wo iwájú ìsọ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìwé owó wọn lẹ̀ mọ́ gíláàsì. "Mummy nìkan ló ń wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Dádì? Wọ́n gbìyànjú o."

Ó lọ. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò lé ní gbólóhùn kan: Rahmah, gbé e padà wá, gba owó rẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mi ò gbọ́ ìró yẹn, n kì í ṣe Elétí mọ́. Bí mo bá ní mo gbọ́ ọ, olè ni mí. Mo jókòó sáàrin méjèèjì, mo sì wá ọ̀nà kẹta.

Mo pe Waris, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Mo ní aáwọ̀ díẹ̀ wà láàrin èmi àti Rahmah, mo fẹ́ kí àwọn àgbà bá wa parí rẹ̀. Waris ní, "Ìyẹn náà ló dáa. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́sẹ̀ yìí." Mo ní, "Nínú àwẹ̀? A kì í jà nínú àwẹ̀, Waris. Jẹ́ ká túnu ná." Ó ní, "Alhaji, tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kan wà tí àwọn òyìnbó máa ń fún èèyàn." Mo ní, "Mo mọ̀." Ó ní, "Ó dáa, sà. Lẹ́yìn Ìtúnu." Ó mọ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ bo ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ.

Waris sọ fún Rahmah pé àwọn àgbà ti gbọ́, kó ṣe sùúrù. Ó ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ti ń ṣe nìyẹn, bí àgbà bá ti ní òun gbọ́, ọmọ kì í tún kọ létà. Èmi nìkan ni mo ń ka ọjọ́. Ní gbogbo àṣálẹ́ bí mo bá fi dàbínù sẹ́nu, mo ń yọ ọ̀kan kúrò nínú tirẹ̀. Mo fi ọgbọ̀n ọjọ́ Ọlọ́run jẹ ọgbọ̀n ọjọ́ òfin. Mo gbààwẹ̀ ọdún yẹn pé. Mi ò mọ ẹni tí mo gbà á fún.

A túnu. Ìpàdé bọ́ sí ọjọ́ Àlàádì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, mo ní kí Rahmah gbé ọkọ̀ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn àgbà tó rí i. Ó gbé e wá, ó dúpẹ́. Mo ṣe ohun kan sí ọkọ̀ náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Màá sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n mí.

Ní àárọ̀ Àlàádì ó wá gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á lọ sí gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe ìpàdé. Àgbà mẹ́fà ló jókòó. Rahmah sọ tirẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ń wolẹ̀. Ó fi ẹnu ṣe ìró náà: kọ́-kọ́-kọ́. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jáde lọ wo ọkọ̀." Gbogbo wa jáde. Mo ṣí iwájú rẹ̀, mo fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Mo fi aṣọ funfun nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á yọ, mo gbé e sókè lójú gbogbo wọn. Ó gbẹ bí eegun.

Alhaji Yaqub, tó dàgbà jù níbẹ̀, dáwọ́ tẹ̀sùbáà tó ń fà dúró. "Háà, Rahmah! O ò fún ẹṣin lómi mu, o wá ń bi ẹni tó tà á fún ọ pé kí ló dé tó ń ké?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, "Àwọn obìnrin, ṣé wọ́n mọ̀ pé ọ́ìlì wà ńbẹ̀ ni?" Rahmah ń wo géèjì náà. "Mo wò ó ní ọjọ́ Àlàmísì," ni ó ń sọ, "wallahi, mo wò ó, Rosaline ló kọ́ mi." Lẹ́yìn náà, lórí títì, nínú híjáàbù funfun rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ foríjì mí, Alhaji. Mo sọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn nínú àwẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run."

Mo fọwọ́ kàn án lórí. Mo ní, "Ọlọ́run á foríjì wá." Mo gbé ọ́ìlì tuntun jáde, mo dà á sí i lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń kí mi pé àgbà tòótọ́ ni mí.

Èmi ni mo fa ọ́ìlì náà jáde ní ọ̀sán Jímọ̀. Mo ti kírun tán ni, omi àlùwàlá ṣì wà lápá mi. Mo sùn sábẹ́ ọkọ̀, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, mo fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ kí iná pupa má baà tàn sí i lójú. Mo mọ ohun tí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsí ọ́ìlì tó pé máa ṣe fún ẹ́ńjìnnì tó ti ń kú. Ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ láti gbà là, èmi ni mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà á pa, lọ síbi tí yóò ti kúnlẹ̀ bẹ̀ mí.

Ní ọjọ́ Àtàláátà, láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì náà fọ́ lábẹ́ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà New Cross. Bọ́ọ̀sì kan tẹ búrẹ́èkì lẹ́yìn rẹ̀, ó ku bí ìbú apá. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n Bàbá Seth ń dúró dè é ní Walworth, arúgbó ará Jàmáíkà tí Rahmah máa ń gbé dìde lórí ibùsùn lójoojúmọ́. Bàbá dúró wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí kò rí i, wọ́n gbìyànjú láti dá dìde. Egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. Wọn ò padà sí ilé wọn mọ́ láti ọjọ́ náà, ilé ìtọ́jú ni wọ́n wà. Níbi iṣẹ́ Rahmah, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ní òun kò lè kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní kéú mọ́, ojú ń ti òun. Ẹ ní ẹ ò rí i láàrin wa mọ́. Ẹ wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Rosaline ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ó ran Rahmah lọ́wọ́ láti pe ẹjọ́. Lọ́dún yìí, ìwé kóòtù dé ilé mi, orúkọ Àìṣát ni wọ́n kọ sí i. Waris bá mi kọ èsì: pé a kì í ṣe oníṣòwò, pé ọkọ̀ dáa nígbà tí a tà á, pé àgbà mẹ́fà rí i pé ẹni tó rà á kò da ọ́ìlì sí i. Àìṣát gbé gíláàsì sójú, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Bàbá Yéjídé, orúkọ mi lẹ fi tà á. Ṣé ẹnu mi lẹ fẹ́ fi purọ́ níwájú adájọ́?" Mo ní kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó yọ gíláàsì rẹ̀ kúrò lójú. "Ọmọ yẹn fún wa ní ọbẹ̀," ni gbogbo ohun tó sọ. Àlàmísì tó ń bọ̀ yìí ni ẹjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí ọsibítù nítorí èémí tó ń há mi. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé, kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, gbé ohun ìgbọ́ràn rẹ̀ sí mi láyà, ó sì di ojú. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Jethro ṣe máa ń ṣe. Mo dì mọ́ etí ibùsùn. Ó la ojú, ó sì wí ní tààrà pé, "Mo gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ tí kò dáa. Ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn yín kò pa dé mọ́. A ní láti ṣiṣẹ́ abẹ, mi ò sì lè sọ pé ó dájú pé ẹ máa jí." Kò mọ̀ mí rí. Kò jẹ mí ní ohunkóhun. Ó gbọ́, ó sì sọ. Mo bú sẹ́kún níwájú ọmọdé yẹn, ó rò pé nítorí ikú ni mo ṣe ń sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra nǹkan lọ́wọ́ àwa àgbà yín, ẹ bọ̀wọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ẹ kọ létà yín kí ọjọ́ tó pé. Ìkúnlẹ̀ kò dí létà lọ́wọ́. Bí àgbà bá jẹ́ olóòótọ́, létà kò ní dùn ún. Bàbá Seth, mo ń bọ̀ wá sọ tèmi fún yín lójúkojú, bí mo bá jí. Àìṣát, mo ti fi orúkọ rẹ ṣe aṣọ ìbora tó pẹ́. Mo dá a padà.

Rahmah kì í gbé fóònù mi mọ́, kò sì jẹ̀bi. Ní àárọ̀ òní, lẹ́yìn àsùbáà, mo tẹ èyí ránṣẹ́ sí i, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Rosaline kó má baà sọnù:

"Rahmah, èmi Mùsílíù ni. Oníṣòwò ọkọ̀ ni mí, ọkọ̀ ìyàwó mi kọ́ ni mo tà fún ọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́ kó o tó rà á, mo sì fi ọ́ìlì tó nípọn pa ìró rẹ̀. Èmi ni mo fa ọ́ìlì rẹ̀ jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìpàdé. O wò ó ní ọjọ́ Àlàmísì bí o ti wí, ó sì wà níbẹ̀. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Fi ọ̀rọ̀ yìí han adájọ́. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó gbọ́ ìró náà, sọ pé èmi ni. Màá wà níbẹ̀."